Ìwé Tí Mo Kọ sí Bàbá Lórí Ẹlẹ́dẹ̀ Yíyan

Brandon, Kánádà
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Akínwọlé ọkọ mi ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ kú ooru, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé ara yín le? Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí orúkọ mi, ẹ lè ká ìwé yìí kí ẹ sọ ọ́ sínú iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ síná.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹ rán mi lọ sí Ore pé kí n lọ ra oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ wá. Mo ní n ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Irọ́ ni mo pa. Àpò aṣọ mi ti wà ní ṣọ́ọ̀bù táyà Bùrọ̀dá Samson ní gáréèjì láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo wọ mọ́tò Èkó, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, mo ti wà nínú ọkọ̀ òfúrufú. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, èmi nìkan ló kù tó ń bá yín dáná ẹran, ẹ sì ti ń pè mí ní ọ̀gá kékeré lójú àwọn oníbàárà. Ká ní mo wo ojú yín ni, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi. Mo jẹ̀bi, Bàbá. Mi ò ní àwíjàre kankan.

Bùrọ̀dá Samson ní ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ mi sórí síléètì yín mọ́. Láti ìgbà tí etí yín ti di, síléètì yẹn nìkan ni a fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Fóònù ò wúlò fún yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dé Araromi. Ẹ sọ fún mi, ibo ni mo tún fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ yín?

Mo ti bímọ. Ọkùnrin ni, Olúwabámiṣe ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ni yóò pé ọdún kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn Yorùbá tó wà nílùú yìí yóò wá bá wa yọ̀. Mi ò fẹ́ se adìẹ inú ọ̀rá tí gbogbo èèyàn ń sè. Mo fẹ́ ra odidi ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí n yan án fúnra mi lẹ́yìnkùlé, kó gbẹ, kó pọ́n, kó máa ta sánsán bíi tiyín. Mo ṣì rántí àwọn awakọ̀ tó máa ń páàkì ní Ore, tí wọ́n á ní ti Bàbá Araromi nìkan làwọn fẹ́. Mo mọ bí a ṣe ń ṣọ́ iná, mo mọ bí a ṣe ń yí ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti ibi tí ẹ ti ń mú ẹlẹ́dẹ̀ láàárín agbo dé ibi tí ẹ ti ń ṣa igi. Ohun tí ẹ bá gbé lé mi lọ́wọ́ ni mo máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Báwo ni n ó ṣe ṣe é?

Bí ẹ kò bá fẹ́ dárí jì mí, ẹ kọ́ mi ní ti ẹran nìkan. Bí èébú ni ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, kí n ṣáà rí ọ̀rọ̀ yín. Bùrọ̀dá Samson yóò ní kí Jàmíátù tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ tẹ ìwé yìí jáde, yóò sì gbé e wá fún yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá wá kí yín.

Ọmọ yín,
Ọmọ́wùmí


Araromi-Obu
Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, 2024

Ọmọ mi dáadáa, Ọmọ́wùmí,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Olúwabámiṣe ọmọ-ọmọ mi. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí, n kò lè di bírò mú mọ́. Samson ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu.

Ìwé rẹ mú inú mi dùn gan-an ni. Mo ti dárí jì ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó ti lọ ti lọ. Ọlọ́run yóò bù kún ọ, ìwé ìgbélùú tí o ń retí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọmọ rẹ yóò dàgbà. Kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ Samson o, torí òun ló dúró tì mí láti ìgbà tí o ti lọ. Àwọn èèyàn ò mọ bó ṣe ń gbìyànjú tó.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, kò le rárá. Ra èyí tó bá sanra. Bí wọ́n bá ti pa á, fi iná jó irun rẹ̀ kúrò, kí o wá fi ọ̀bẹ ha á. Fi omi àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa. Là á sí méjì, kó iyọ̀, ata àti magí sí i lára. Igi èyíkéyìí tó bá ti gbẹ ló dára. Dá iná tó pọ̀ kó lè tètè gbẹ. Ọjọ́ méjì, ó ti parí.

Má ronú mọ́, ọmọ mi. Fọkàn balẹ̀ kí o gbádùn ilé ọkọ rẹ.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Láoyè


Brandon
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, nígbà tí ìwé yín wọ fóònù mi. Mo sáré wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ọ̀gá mi fi wá kan ilẹ̀kùn pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, bàbá mi ló dárí jì mí. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó bá mi yọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti sùn dáadáa, Bàbá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó sun oorun tó dùn.

Mo ti bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀, yóò ta ẹlẹ́dẹ̀ kan fún mi. Mo ti rí àgbá irin tí wọ́n là ní agbedeméjì. Ìbéèrè kékeré kan ló kù, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n fi iná jó irun rẹ̀. Ṣebí omi gbígbóná lẹ máa ń dà sí i, tí ẹ máa ń ní iná ń mú awọ rẹ̀ le? Ẹ sì ní igi èyíkéyìí. Ṣé ẹ rántí ọdún tí Bùrọ̀dá Samson fi igi rọ́bà dáná, tí ẹ wọ́ odidi ẹlẹ́dẹ̀ lọ sínú kòtò, tí ẹ ò jẹ́ kí ajá pàápàá fẹnu kàn án? Igi kan wà tí aládùúgbò wa fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, páìnì ni wọ́n ń pè é. Ó gbẹ dáadáa, oje ara rẹ̀ ló kàn máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣé kí n gbà á? Ohun tí ẹ bá ti sọ ni n ó ṣe.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Ọmọ́wùmí


Ore
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, 2024

Wùmí,

Báwo ni? Ọmọ ńkọ́? Bàbá ní kí n dá ọ lóhùn, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá, òtútù ló mú wọn. Wọ́n ní igi yẹn dára, gbà á. Wọ́n ní ti rọ́bà ọjọ́sí yẹn, inú ló kàn ń bí àwọn lọ́jọ́ náà. Iná ni kí o fi jó irun rẹ̀, omi gbígbóná ń fi àkókò ṣòfò ni.

Jọ̀ọ́, má fi ìbéèrè da Bàbá láàmú mọ́, arúgbó ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Araromi ti di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà ò fẹ́ gbé èèyàn lọ síbẹ̀ mọ́. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù láti dúró tì. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ ìbí.

Samson


Brandon
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá,

Mo kí yín. Ẹnu lásán ni mo fi kí yín o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Mo ra ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ́jọ́rú. Akọ ni, ó sanra bí ẹ ṣe wí. Mo fi iná jó irun rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, awọ rẹ̀ sì bẹ́ káàkiri. Mo fi páìnì dáná ńlá bí ẹ ṣe wí. Èéfín tó jáde dúdú débi pé obìnrin ilé kejì kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin àwọn panápaná ló bá a wá. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ bàbá mi ni, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tó fi di Sátidé, ẹran náà ti dúdú bí ọ̀dà tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbabu. Mo ní bóyá inú rẹ̀ dára. Mo gé e. Òórùn kan ló jáde síta, bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Mo sì gbé e fún àlejò o. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kò sí ẹran mìíràn nínú ilé, mo sì ti fi oṣù kan gbáko sọ fún gbogbo ayé pé wọn ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ yíyan rí bí wọn ò bá tíì jẹ ti bàbá mi. Màmá kan wà níbẹ̀ tó wá láti Igbókọ̀dá. Ó fi ẹnu kàn án, ó tu ú sínú bébà, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Mo ní bàbá mi ni. Akínwọlé ló kó gbogbo rẹ̀ dà nù, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè jókòó ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ mi.

Ẹ̀yin ni mò ń bi o, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀! Mo béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, mo tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ti oje fún yín. Ẹ mọ̀ pé yóò korò. Ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ wá ní kí n gbà á. Ẹnu lẹ fi dárí jì mí, ẹ wá jókòó sí Araromi ẹ fi ẹran gbẹ̀san lára mi lójú àwọn àlejò.

Mo ti ní kí ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́. Kí ló dé tí ẹ kàn pè mí ní ọmọ mi dáadáa? Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé yín. Ó yẹ kó ti fu mí lára látìgbà náà. Mo sunkún ayọ̀ nínú ilé ìwẹ̀ nítorí ìwé tí ẹ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹ dárí jì mí, àbí ẹ kò dárí jì mí? Ẹ sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí nínú yín.

Ọmọ́wùmí


Brandon
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, 2024

Bùrọ̀dá Samson,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ti kọjá. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka ìwé tí mo kọ sí Bàbá. Ṣé ẹ gbé e fún wọn? Bí ẹ bá gbé e fún wọn, kí ni wọ́n wí? Bí wọ́n bá ya á, ẹ sọ fún mi pé wọ́n ya á.

Ẹ ò gbé ìpè mi. Mo pe Àǹtí Oyèlọlá, àbúrò Bàbá, ohùn mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́kún, tí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Mo gbọ́ ẹkún yẹn kedere, Bùrọ̀dá. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé?

Ọmọ́wùmí


Ore
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, 2024

Wùmí,

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e fún bàbá rẹ̀.

Bàbá ti kú. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ni. Òtútù tí mo sọ fún ọ yẹn ló bá wọn wọ àyà. Mo fi ọ̀kadà gbé wọn jáde láti Araromi, èmi lẹ́yìn, wọ́n wà láàárín, a kó wọn dé ọsibítù kan ní Ore, wọn ò lò ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni a sin wọ́n sí lọ́jọ́ kọkànlá oṣù náà. Nígbà tí o kọ ìwé èébú yẹn sí wọn, wọ́n ti lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ilẹ̀.

Àǹtí Oyèlọlá ló ní ká má sọ fún ọ. Wọ́n ní ìyá ọmọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn, tí kò ní ìwé tó lè fi jáde kó tún padà wọlé, kí la fẹ́ kó ṣe pẹ̀lú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Mo gbà pẹ̀lú wọn. Títí di òní mo ṣì rò pé ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Bàbá kọ́ ló kọ ìwé tó ní òun dárí jì ọ́. Èmi ni. Bàbá kọ́ ló ní kí o fi iná jó irun ẹlẹ́dẹ̀. Èmi ni. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ igi tó ń jẹ́ páìnì rí títí wọ́n fi kú.

Wọ́n kọ tiwọn sí ọ. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, irọ́ ni mo pa, fúnra wọn ni wọ́n fi bírò kọ ọ́ kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fún mi pé kí n yà á ní fọ́tò kí n fi ránṣẹ́. Mo kà á lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ líle àti ìbéèrè lásán ló kún inú rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ohunkóhun. Mo ní, baba yìí ò fẹ́ dá ọmọ yìí lóhùn ni, ó kàn ń wá wàhálà. Mo rántí bí o ṣe ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ, bí Akínwọlé ṣe pè mí pé o kì í jẹun, o kì í sọ̀rọ̀. Mo ní bí mo bá fi èyí ránṣẹ́ sí Wùmí yóò pa á. Jàmíátù bẹ̀ mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ ni." Mi ò gbọ́. Mo gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá jókòó sórí táyà, mo kọ èyí tí mo rò pé o fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ kí n má fi bò, inú tún bí mi. Wọ́n bú mi nínú ìwé yẹn. Ta ló ń gbé ọ̀kadà lọ sí Araromi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ta ló ń ra oògùn? Ìwọ lo sá lọ, èmi ni mo dúró, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ igi rọ́bà tí mo dá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ṣì ń bú mi sí. Mo fẹ́ fi hàn pé èmi náà mọ iṣẹ́ yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí o wá kọ ìwé ọpẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún wọn? O ń dúpẹ́ àforíjì tí wọn ò ṣe. Mo fi pamọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé, kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní, "Ṣé Wùmí ti dáhùn?" Mo máa ń kọ ọ́ sórí síléètì pé kò tíì dáhùn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á fi ọwọ́ nù ún. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní, "Ó ti rí ọ̀rọ̀ mi, ọ̀rọ̀ mi ló le jù."

Ní ọsibítù wọ́n tún béèrè. A ò mú síléètì lọ́wọ́. Mo mi orí pé rárá.

Bú mi, Wùmí. Ohun tí o bá fẹ́ sọ, sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Samson


Brandon
Ọjọ́ kejì oṣù Keje, 2024

Samson,

Mi ò ní pè ọ́ ní bùrọ̀dá, mi ò sì ní fi ẹ̀yin bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Má pè mí lórí fóònù. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Mo ní bàbá mi ń gbẹ̀san lára mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Òkú ni mo ń bú, ìwọ lo jẹ́ kí n bú wọn. O sọ fún wọn pé mi ò dá wọn lóhùn! Háà, Samson! Lójoojúmọ́ ni mò ń wo fóònù bóyá mo máa rí ọ̀rọ̀ wọn, ìwọ ń mi orí fún wọn lórí ibùsùn ikú. O ní o fẹ́ dáàbò bò mí. Ta ló bẹ̀ ọ́? Mo ti sọ nínú ìwé àkọ́kọ́ pé kí wọ́n bú mi bí wọ́n bá fẹ́. Mo fẹ́ èébú yẹn. Tèmi ni, o jí i.

Ọ̀rọ̀ ẹran kò dùn mí mọ́. Ẹran tó bàjẹ́, a ti dà á nù.

Ìwé Bàbá ni mo fẹ́. Bí o bá ti sun ún, sọ fún mi kí n mọ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, yà á ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn, kí o fi ránṣẹ́ lónìí. Má tẹ̀ ẹ́. Má ṣàlàyé rẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ kan kún un.

Ọmọ́wùmí


Araromi-Obu
17-3-2024

Ọmọ́wùmí,

Samson gbé ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò ní kí ọ, torí ọjọ́ tí o lọ, o ò kí mi. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni ebi pa sùn. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rò pé mọ́tò ti gbá ọ lójú títì Ore. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n ń ṣí aṣọ lójú òkú fún mi kí n wò ó bóyá ìwọ ni. Mẹ́ta ni wọ́n ṣí. Ọjọ́ kẹta ni Samson tó kọ ọ́ fún mi pé o ti lọ sí ìlú òyìnbó. Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Bí inú mi bá rọ̀, n ó kọ̀wé sọ fún ọ.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀. Ìbéèrè rẹ ò pé. Mo kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ ni àbí abo? Bó bá jẹ́ akọ, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó sì ti tó oṣù mélòó? Akọ tí wọn kò tẹ̀ máa ń rùn, má rà á. Kí ni wọ́n ń fún un jẹ? Kílò mélòó ni? Irú igi wo ló wà lọ́dọ̀ yín? Ya fọ́tò rẹ̀, èèpo àti inú rẹ̀. Bó bá ní oje, sọ fún mi. Ṣá a díẹ̀, gbóòórùn rẹ̀, kí o kọ bó ṣe ń rùn sílẹ̀. Ṣé atẹ́gùn máa ń fẹ́ lẹ́yìnkùlé yín, apá ibo ló sì ti ń wá?

Má ra ohunkóhun, má sì dáná, títí n ó fi dá ọ lóhùn. Má gbọ́ ti Samson, kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí, igi rọ́bà ló máa ní kí o fi dáná.

Ọmọ tí o bí, o ò sọ ẹni tó jọ. Sọ ọ́.

Oṣù Karùn-ún ò jìnnà mọ́. Samson ní bí òun bá ti fi ránṣẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nítorí náà, má jẹ́ kó pẹ́. Mo ń retí èsì.

Láoyè